Kàǹga Tí Kò Ní Àkèré

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Èrèlé, 2025

Ìka-Ìyá, ọ̀kan nínú àwọn iyùn mi, kò là lónìí. Láti ìgbà tí mo ti kó àwọn iyùn ààyè wọ̀nyí, ẹ̀dá òkun tó ń gbé nínú àpótí gíláàsì, bọ̀ láti hòtẹ́ẹ̀lì tí mo ti ń tọ́jú wọn l'Ékòó, tí mo sì fẹ̀yìn tì sí Kábà, kò sí àárọ̀ kan tí kì í na ìka rẹ̀ sókè bí mo bá ti tan iná. Lónìí ó ká wọn mọ́ra, bí ọwọ́ ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́.

Mo wọn iyọ̀ omi: ó pé. Mo wọn ooru: ó dára. Iná ọba lọ, ṣùgbọ́n bátìrì gbé e. Ohun kan ṣoṣo tó yí padà ni omi tí mo ń po iyọ̀ mọ́. Ẹ̀rọ tó ń fa omi mi ti bàjẹ́, asẹ́ sì ti gbó. Kàǹga Màmá Cecilia, aládùúgbò mi, ni mo ń pọn. Ṣùgbọ́n omi yẹn mọ́ ju ti gbogbo àdúgbò lọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Àwọn agbálẹ̀ — ìgbín òkun tó ń jẹ ìdọ̀tí ara gíláàsì — ti já bọ́ sílẹ̀. Gbogbo wọn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Mo da lára omi àtijọ́ nù, mo fi tuntun rọ́pò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ wa ní pólì. Kí oòrùn tó wọ̀, Adé, iyùn tó tóbi jù, ti ń bọ́ awọ. Ẹran ara rẹ̀ ń já bí òwú tútù, egungun funfun sì ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ omi. Kò sí èyí tó súnkì nínú wọn.

Ohun tó bà mí lẹ́rù jù — omi náà mọ́. Ewé tíntìntín tó máa ń hù lára gíláàsì ti parẹ́. Bí mo bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ó dà bí ẹni pé inú afẹ́fẹ́ lásán ni àwọn òkú wọ̀nyí dúró sí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án

Àwọn ará ìjọ tún yà síbi kàǹga lẹ́yìn ìsìn. Omi ìbùkún ni wọ́n ń pè é. Màmá Cecilia rí korobá lọ́wọ́ mi, ó bú sẹ́rìn-ín, ó kí mi: "Okun o, olówó òkúta! Ṣé òkúta rẹ tún ti mu omi tán?" Mo ní ara wọn kò yá. Ó ní kí n bu omi òun fún wọn dáadáa, kí n sì gbàdúrà sí i. Pé láti ìgbà tí olóògbé ọkọ òun ti gbẹ́ ẹ, àkèré kan kò wọ inú rẹ̀ rí, tanwíjí kan kò yọ níbẹ̀ rí. "Ohun àìmọ́ kan ò lè gbé inú ẹ̀." Wọ́n ṣe àmín.

Ìdùnnúolúwa, ọmọ-ọmọ rẹ̀, wà lẹ́yìn Títílọpẹ́, ìyá rẹ̀. Ọmọ oṣù méje. Ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n bí ìyeyè. Wọ́n ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni. Omi kàǹga ni wọ́n fi ń po wàrà rẹ̀. Láti ìgbà tí àìsàn náà sì ti dé, wọ́n tún ń fún un ní omi náà láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ara rẹ̀ lè yá.

Mo pọn korobá mi kún, mo sì gbé e lọ sílé.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo pe Philip, tí a jọ ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ó ní, "Ọ̀gá, ìgbín kọ́kọ́ kú, ewé tẹ̀lé e, iyùn wá ń kú? Kọ́pà ni, májèlé bàbà. Ṣé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò?" Mo ní mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Irọ́ ni. Ìgò tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò wà lórí pẹpẹ mi. Ọwọ́ mi kò lè ṣí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo yẹ omi wò. Omi kàǹga fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti inú gíláàsì. Ó di búlúù lójú mi: kọ́pà wà nínú rẹ̀.

Ó yẹ kí n kọ ọ́ síhìn-ín, nítorí n kò tíì sọ ọ́ fún ẹ̀dá kan. Lọ́dún tí mo jáde ní pólì, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kòkó kan gbà mí síṣẹ́ ní ilé ìpamọ́ wọn. Àwọn àpò oògùn kòkó wà níbẹ̀, aláwọ̀ búlúù, kọ́pà ni, wọ́n ti dì bí òkúta. Bàbá Bámgbóṣé, olórí wa, ní kí n kó wọn lọ sin lọ́nà Iyamoye, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbé. Oòrùn mú. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń dúró dè mí. Mo da gbogbo rẹ̀ sínú ihò kan lẹ́yìn ilé ìpamọ́, mo fi ewé bò ó, mo sì lọ sọ pé mo ti sin wọ́n. Bàbá gbàdúrà fún mi.

Wọ́n ta ilẹ̀ náà nígbà tí mo wà l'Ékòó. Ibẹ̀ ni kàǹga Màmá Cecilia wà. Mo mọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti padà wálé ni mo ti mọ̀, mo sì ń sọ fún ara mi pé ilẹ̀ ti gbé e mì. Bóyá ìdí nìyẹn tí mo fi ń pọn ọ́n — mo fẹ́ kí àwọn iyùn jẹ́rìí pé ọwọ́ mi mọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Cecilia ní àgbàlá rẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Òkúta rẹ kú, o wá ń ka ẹ̀sùn sí omi mi lẹ́sẹ̀?" Lẹ́yìn náà ó wo kàǹga náà. Ó ní omi yẹn ni ọkọ òun mu títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Ó ní mi ò fẹ́ kí Ọlọ́run ṣe rere fún opó. Kí n dìde lórí ilẹ̀ òun.

Títílọpẹ́ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kàn da ohun tó wà nínú ìgò ọmọ sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Títílọpẹ́ ti gbé ọmọ lọ sí ọsibítù ní Lọ́kọ́ja. Ó pè mí kí n ṣàlàyé oògùn náà fún dókítà. Ẹ̀dọ̀ ni, dókítà wí. Bí kò bá tún kan omi yẹn, ó ṣeé ṣe kó yè é. Bí ó bá tún kàn án, òun kò lè ṣèlérí.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ìka-Ìyá kú. Mo pa iná.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo bá ilẹ̀kùn Màmá Cecilia ní títì. Àwọn ará ìjọ ń pọn omi, wọ́n sì kí mi tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ọ̀kan nínú wọn ní àwọn ti ń fi mí sínú àdúrà. Mo béèrè Màmá. Wọ́n ní ó ti wọ ọkọ̀ àárọ̀ lọ sí Lọ́kọ́ja, pé ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi kan dání. Ti ọmọ ni.

Mo pe Títílọpẹ́. Ohùn rẹ̀ fúyẹ́, bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oorun sùn. Ó ní Màmá ti dé, àwọn ti parí ìjà, àwọn jọ sunkún; Màmá ní kí òun lọ fẹ̀yìn lélẹ̀. Ó ní ọmọ náà ti mu wàrà rẹ̀ tán, ó sì ti dákẹ́.

Mo bi í pé omi wo ni wọ́n fi pò ó.

Ó ní kí n dúró, kí òun bi Màmá.