Ẹ Sọ Ibi Tí Ẹ Já Jàmíátù Sí

Ẹgbẹ́ Àwọn Olóúnjẹ,
Gáréèjì Ọkọ̀ Èrò,
Ore, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ Kẹwàá, Oṣù Kẹfà, Ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìmọ́tótó Ojú Pópó,
Ore.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÀWỌN ALÁÌSÀN MẸ́RIN TÍ ỌKỌ̀ ÌDỌ̀TÍ YÍN KÓ NÍ GÁRÉÈJÌ ORE

1. Èmi ni akọ̀wé àwa tí a ń ta oúnjẹ ní gáréèjì Ore. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín.

2. Ó lé ní ọdún kan tí Jàmíátù, obìnrin tí àrùn ọpọlọ ń bá jà, ti ń sùn lábẹ́ páànù gáréèjì wa. Nọ́ọ̀sì kan ló ń bá wa gba oògùn rẹ̀. Ìsọ̀ méje ni wá, a sì pín ọjọ́ méje láàárín ara wa: ẹni tí ọjọ́ bá kàn ni yóò fún un lóúnjẹ láàárọ̀, kò sì ní fi ẹja sí àwo rẹ̀ títí yóò fi rí i pé ó gbé oògùn náà mì. Ó fẹ́ràn ẹja, Ọ̀gá. Báyìí ni ara rẹ̀ ṣe ń balẹ̀. Ní oṣù Kẹrin, ó sọ orúkọ rẹ̀ fún wa fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ní Ìwó ni ilé òun, ó sì dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ubaydullah. A wá ẹ̀gbọ́n náà kàn. Ó ní òun ń bọ̀ wá mú un lọ sílé ní Sátidé, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún.

3. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ yín wá bá mi. Wọ́n ní àlejò ńlá kan ń bọ̀ láti Àkúrẹ́, kí n kọ orúkọ àwọn aláìsàn tó ń sùn ní gáréèjì sílẹ̀, kí wọ́n lè rí ìtọ́jú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Èmi òmùgọ̀ ni mo fọwọ́ ara mi kọ orúkọ Jàmíátù ṣáájú, mo tún kọ orúkọ oògùn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

4. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, ọkọ̀ ìdọ̀tí yín dé. Àwọn òṣìṣẹ́ yín pe orúkọ Jàmíátù láti inú ìwé mi, ó sì dáhùn, torí ó ti mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n gbé òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn jù sẹ́yìn ọkọ̀. Oògùn rẹ̀ ṣì wà nínú báàgì mi. Ohun tí a bá nínú ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì yín lọ́jọ́ kejì ni: “Ìdọ̀tí, ọkọ̀ mẹ́fà. Wèrè, mẹ́rin.” Ṣé ẹ̀yin tí ẹ fọwọ́ sí i kò ní àbúrò ni?

5. Ní Sátidé, Ubaydullah gbé aṣọ tuntun wá, kò rí ẹni tí yóò wọ̀ ọ́. Awakọ̀ yín sọ pé inú igbó kan lójú ọ̀nà Ajue ni òun já wọn sí, ṣùgbọ́n ẹ ti kìlọ̀ fún òun pé tí òun bá mú wa débẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun. Láti ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n yìí ti ń gun ọ̀kadà lójoojúmọ́, tó ń ti inú oko kòkó kan bọ́ sí òmíràn, tó ń pe àbúrò rẹ̀ nínú òjò. Òní ló pé ọjọ́ kẹtàlá tí Jàmíátù kò lo oògùn. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó ti gbàgbé orúkọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè.

6. Mo bẹ̀ yín, ẹ yọ̀ǹda awakọ̀ náà kó mú wa débẹ̀, kí a lè gbé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sílé ìwòsàn. Láàárọ̀ ọ̀la, èmi àti Ubaydullah yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì yín. Bí awakọ̀ kò bá jáde sí wa, ẹ gbé àwa náà jù sínú ọkọ̀ ìdọ̀tí yín, kí ẹ sì já wa síbi tí ẹ já Jàmíátù sí.

Ẹ ṣeun bí ẹ bá gbọ́.

Èmi ni tiyín, tìbínú-tìbínú,

Oyèlọlá Akínṣọlá (Ìyáàfin),
Akọ̀wé Ẹgbẹ́.