Kókó Tí Wọ́n Yọ

Ìyá mi,

Ẹ kú àárò mi. Ara mi ti ń yá, ẹ má fòyà. Lọ́jọ́ Ajé, dókítà kan níbí ní Atakpamé yọ kókó kan tí kò tó wóró ẹ̀wà lẹ́nu ilé ọmọ mi. Ó ṣì ń ta mí tí mo bá jókòó, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ti ń dín. Ọkọ mi ò jẹ́ kí n pọnmi. Òun ló ń dáná, ẹ bá mi rẹ́rìn-ín! Ó bi dókítà pé, "Ṣé ó ṣì máa lè bímọ?" Dókítà ní, "Ẹ jẹ́ kí èsì àyẹ̀wò kókó náà dé láti Lomé ná." Látìgbà náà, ọkọ mi kì í fẹ́ wojú mi.

Ẹ má wá o, ọ̀nà jìn. Ẹ bá mi kí ará ilé. Tí ẹ bá kírun, ẹ dárúkọ mi.

Sẹ̀ríyà, ọmọ yín