Òórùn Inú Ẹja Bàbá

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Oníbàárà kan dá ẹja padà. Ó ní òórùn kẹrosíìnì ló ń rùn. Bàbá Agídí — kí wọ́n má rí ìwé yìí o! — yarí: "Ẹja tèmi kẹ̀?" Ni wọ́n bá bu omi adágún ẹja wa, wọ́n fi fọ ẹnu níṣojú obìnrin náà. Èmi wá gbóòórùn ẹja ọ̀hún. Òótọ́ ni. Àbúrò mi lóyún, ẹja yìí ni Bàbá sì ń fi ránṣẹ́ sílé ọkọ rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 4
Mo fura sí odò tí adágún wa ti ń gba omi. Mo rìn lọ sókè, dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Epo léfòó nínú gọ́tà wọn! Mo ní ọwọ́ ti tẹ̀ wọ́n. Ọ̀gá wọn kàn rẹ́rìn-ín: "Àǹtí, ẹ wo ibi tó ń ṣàn lọ ná." Lóòótọ́, gọ́tà náà kọjá adágún wa, ìsàlẹ̀ ló ti já sódò. Ojú tì mí. Àánú àwọn ará ìsàlẹ̀ náà ṣe mí.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo se ẹja méjì. Ọ̀kan tààrà látinú adágún — kò rùn rárá. Èkejì látinú àgbá — yéè! Àgbá kẹ̀? Ṣebí ibẹ̀ ni Bàbá ń kó ẹja sí kí wọ́n tó tà á, nínú omi mímọ́, láìfún un lóúnjẹ, kí ikùn rẹ̀ lè mọ́, kí òórùn ẹrẹ̀ sì kúrò. Ibi tí a ti ń fọ̀ ọ́ mọ́ gan-an!

Ẹtì, 7
Mo sọ fún Bàbá. Wọ́n jẹun tán, wọ́n wọlé.

Àbámẹ́ta, 8
Mo kó ẹja inú àgbá náà síta, mo da omi gbígbóná sínú rẹ̀ kí òórùn lè jáde, mo pe Bàbá. Àwọn fúnra wọn ló kọ́kọ́ di imú. Wọ́n jókòó lórí garawa tí a dojú rẹ̀ dé. Wọ́n ní ọwọ́ akunlé kan ni wọ́n ti rà á. Tíńà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. "Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí, Onímú ọmọ mi. Mo rò pé ó ti mọ́." Wọ́n ṣe mí láàánú.

Àìkú, 9
A gbẹ́lẹ̀, a sin gbogbo ẹja tí a kó nínú àgbá. Mo ń kọrin. Ìtọpinpin mi yìí ṣáà — mo tún béèrè: ṣé àgbá kan péré ni wọ́n rà? Bàbá fi ọkọ́ sílẹ̀.
"Méjì ni. Mo fún àbúrò rẹ ní èkejì, kí olóyún má baà máa pọn omi."
A sáré lọ sílé ọkọ rẹ̀. A bá a lẹ́yìn ilé, ife lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín sí wa. Ó ní láti ìgbà tí òun ti lóyún, kò sí omi tó dùn mọ́ òun lẹ́nu bíi ti inú àgbá Bàbá.