Ìyọ̀ǹda Tí Bàbá Ṣítù Fúnni

Kambolé,
Ọjọ́rú, 11 oṣù kẹta, 1998.

Ṣítù ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àlàáfíà fún ọ. Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ara líle. Ara tèmi le, àwọn àbúrò rẹ náà ń kí ọ.

Kàsímù onímọ́tò jẹ́ iṣẹ́ rẹ fún mi láàárọ̀ yìí. Ó ní ìtọ́jú tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí ní ilé ìwòsàn Sokodé bá ọ lára mu, pé o ti ń sùn, àti pé o ò bèèrè hóró oògùn tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń gbé mì kí ẹ lè kọ ebè bíi màlúù mọ́. Alhamdulilahi!

Ọ̀rọ̀ tó kù ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. O ní bàbá rẹ wá lọ́jọ́ Àìkú ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún, wọ́n fi ẹnu ara wọn yọ̀ǹda ìtọ́jú rẹ níwájú dókítà, torí o kò tíì pé ọdún méjìdínlógún. O ní wọn ò jókòó, wọn ò mu omi. Aṣọ funfun tuntun tí abẹ́rẹ́ kò kàn ni wọ́n ró. Imú ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, o rò pé òtútù ló mú wọn.

Ṣítù, jókòó. Bàbá rẹ kú ní Jímọ́ọ̀ tó ṣáájú Àìkú yẹn. Ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n ń bọ̀ wá láti yọ̀ǹda. Wọ́n ṣubú ní ibùdókọ̀ Tchamba, wọn ò dìde mọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti sin wọ́n níbí. Ojú mi ni wọ́n ṣe ya aṣọ náà. Èmi ni mo wá òwú tí wọ́n fi dí imú wọn. Àmúdà, ẹ̀gbọ́n wọn, ló ní kí ẹnikẹ́ni má tíì túfọ̀ wọn fún ọ, bí a ti í ṣe fún aláìsàn tó wà lọ́nà jíjìn.

Àmúdà tún ní ìyọ̀ǹda òkú kò wúlò, kí wọ́n gbé ọ wálé. Mi ò gbà. Opó tí mò ń ṣe kò jẹ́ kí n jáde, ṣùgbọ́n Kàsímù yóò bá mi bẹ dókítà kó wá gbọ́ ìyọ̀ǹda lẹ́nu èmi tí mo wà láàyè. Máa gba ìtọ́jú rẹ lọ.

O ní bàbá rẹ ṣèlérí pé àwọn yóò wá mú ọ lọ sílé ní Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀. Ilé wo? Tí wọ́n bá dé, dọ̀bálẹ̀, kí wọn dáadáa. Má fún wọn lọ́wọ́, má sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n yọ̀ǹda ìtọ́jú rẹ, wọ́n ṣeun. Èyí tí wọ́n tún fẹ́ yìí, èmi ò yọ̀ǹda rẹ̀.

Ọlọ́run yóò dá ọ sí fún mi. Yóò fi ìlera kún ẹ̀mí rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń retí rẹ,
Sèínábù.

Àfikún: Tí inú bá bí wọn, sọ pé èmi ni mo kọ̀. Kí wọ́n wá bá mi nílé. Wọ́n mọ ọ̀nà.