Mo Ti Lọ Wádìí Ẹni Tó Fẹ́ Bá Ọ Gbé Yàrá

Ilé Fágbóhùn,
Ìlòrò-Èkìtì, lẹ́bàá Ìjerò,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Oṣù Kejì, 1986.

Ayọ̀bọ́lá ọmọ mi,

Ṣé o jí re? Ṣé ara rẹ le? Ṣé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí yín lórí láti àárọ̀ ní ibi iṣẹ́ yín kò tíì kó òtútù sí ọ láyà? Ọlọ́run tó mú ọ kúrò ní Ìlòrò láìfẹsẹ̀kọ ni yóò máa ṣọ́ ọ ní Àkúrẹ́, oúnjẹ kò ní há ọ lọ́fun, ẹni tí yóò bá ọ gbé kò ní gba ipò mọ́ ọ lọ́wọ́. Ṣe àmín. Bí o kò bá ṣe é sókè, padà lọ ṣe é kí o tó ka èyí tó kù.

Bàbá rẹ wà, ó ń kí ọ. Àwọn ìyá ìjọ ń béèrè rẹ. Èmi náà wà, àfi àárò rẹ tó ń pa mí bí ebi. Kérésì kan lọ o kò wá, èkejì tún dé, o fi káàdì ránṣẹ́. Mo gbé káàdì náà sórí tábìlì, ẹyẹ òyìnbó tó wà lójú rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n mo gúnyán, kò lè bá mi jẹ ẹ́. Àkúrẹ́ kì í sì í ṣe òkè òkun o, ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Ìjerò láàárọ̀ á jẹun ọ̀sán níbẹ̀.

Mo ti rí lẹ́tà rẹ pé owó yàrá ti pọ̀ jù fún ìwọ nìkan, pé ọmọbìnrin ará Ẹ̀fọ̀n kan tó ń jẹ́ Oyèníkẹ́ fẹ́ wá bá ọ gbé, pé kí a bá ọ fi àdúrà sí i. Àdúrà nìkan? O ní ó mú ìwé wá láti ibi iṣẹ́ rẹ̀ pé ènìyàn rere ni. Ẹni tó kọ ìwé náà, ṣé ó ti bá a gbé rí? Àwòrán rẹ̀ tí o fi sínú lẹ́tà, mo wò ó títí. Wọ́n gé ọmọ ọlọ́mọ láyà. Kò lọ́wọ́, kò lẹ́sẹ̀. Mo yí i sẹ́yìn bóyá ìyókù wà níbẹ̀, funfun ni mo rí. Báwo ni a ṣe ń fi orí nìkan mọ ẹni tó ń gbálẹ̀ àti ẹni tí kì í gbálẹ̀? Bàbá rẹ ní bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ṣe ń ní kí wọ́n yà á. Mo ní kí ìjọba máa bá orí gbé, odidi ènìyàn ni yóò bá ọmọ tèmi gbé.

Mo kọ́kọ́ lọ sí pósófíìsì ní Ìjerò láti fi tẹlifóònù bá ọ sọ ọ́. Ọkùnrin kan ló gbé e ní ọ́fíìsì yín. Mo kí i, mo kí ìyàwó rẹ̀, mo kí àwọn ọmọ rẹ̀, mo wá béèrè rẹ. Ó ní o lọ jẹun, pé ṣé kí òun pè ọ́ wá. Mo ní háà, ẹ má pè é, ẹ jẹ́ kí ọmọ mi jẹun. Ni akọ̀wé pósófíìsì bá gbà á lọ́wọ́ mi pé àkókò mi ti pé. Inú mi dùn pé o ń jẹun. Ìgbà tí mo délé ló tó wá ń dùn mí pé n kò gbọ́ ohùn rẹ. Kí lo jẹ lọ́jọ́ náà?

Mo wá ní ojú lọ̀rọ̀ wà, mo wọ mọ́tò lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Bí àwọn ará ilé bàbá rẹ ṣe wá wádìí mi ní Ìjerò kó tó fẹ́ mi, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe wádìí Oyèníkẹ́. Mo gbé iṣu dání, n kò sì lọ sí ilé wọn tààrà, ilé tó kọjú sí tiwọn ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo béèrè bóyá wárápá wà nínú ìdílé náà, bóyá wọ́n ń jà, bóyá ọwọ́ ọmọ náà mọ́, bóyá ó máa ń tètè jí. Obìnrin tí mo ń bi kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ tó fi figbe ta pé Ìyá Oyèníkẹ́, ẹ jáde o, àwọn àna yín ti dé!

Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti gbé àga fún mi, bàbá rẹ̀ ti wọ agbádá, wọ́n ti ń lé adìẹ kiri ẹ̀yìnkùlé. Bàbá náà wúkọ́, ó ní iṣẹ́ wo ni ọmọ mi ń ṣe. Mo ní akọ̀wé ìjọba ni ní Àkúrẹ́. Gbogbo wọn mi orí. Ó ní ṣé ó ti ní ilé. Mo ní yàrá kan ni, ohun tí mo tìtorí rẹ̀ wá gan-an nìyẹn, pé obìnrin bíi ti Oyèníkẹ́ ni ọmọ mi, wọ́n fẹ́ jọ máa san owó rẹ̀ ni. Ẹnì kan lọ tú adìẹ sílẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rín títí omi fi bọ́ lójú mi. Wọ́n ṣì fún mi ní iyán jẹ. Ọmọ náà dára o: kì í jalè, kò lárùn, kò gbéraga, ó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àbùkù rẹ̀ kò ju pé bó bá ti sùn, yóò fa aṣọ ìbora mọ́ra tán, nítorí inú òtútù òkè Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n bí i sí. Kí ẹ má ṣe jọ da aṣọ kan bora. Ní tèmi, ó yege.

Mo dìde pé mo ń lọ, ni ìyá rẹ̀ bá ní kí n padà jókòó. Ó ní mo ti wádìí ọmọ òun, ó ku kí òun náà wádìí tèmi, òun kò ní í ju ọmọ òun sí yàrá ẹni tí òun kò mọ̀. Òótọ́ ló sọ. Ó ní ṣé o máa ń tètè sùn. Mo ní o máa ń sùn lọ kí àdúrà alẹ́ tó parí. Ó ní bí inú bá ń bí ọ ńkọ́. Mo ní ẹ̀yìn ilé ìdáná lo máa ń lọ jókòó sí, o kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn àfi bí mo bá fi ẹ̀pà bẹ̀ ọ́. Ó ní kí lo máa ń bẹ̀rù. Mo ní àrá ni, bó bá ti sán, abẹ́ aṣọ mi ni a ó ti rí ọ. Obìnrin náà wò mí, ó rọra ní, Ìyá Ayọ̀bọ́lá, ọmọ kékeré lẹ ń sọ yìí, èyí tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́ ni mo ń béèrè.

Ayọ̀bọ́lá, òótọ́ ló tún sọ. N kò mọ̀ bóyá o ṣì ń bẹ̀rù àrá. N kò mọ ẹni tó ń bẹ̀ ọ́ báyìí bí inú bá ń bí ọ. Mo wádìí ọmọ ẹlòmíràn dé eegun, n kò sì rí nǹkan kan sọ nípa èyí tí mo fẹ̀yìn pọ̀n. Mo sunkún nínú mọ́tò títí a fi kọjá Àrámọ̀kọ̀, dírẹ́bà rò pé wọ́n jà mí lólè ni.

Mo ti ní kí obìnrin náà fún mi láàyè di ẹ̀yìn ọdún Àjíǹde. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní ọmọ òun kò ní í kó ẹrù títí òun yóò fi gbọ́ lẹ́nu mi. Nítorí náà má fi ìwé ibi iṣẹ́ kankan ránṣẹ́ sí i, kò fẹ́ ẹ.

Bàbá rẹ ní kí n má gbàgbé bátìrì rédíò. Láti ìgbà tí kò ti gbọ́ ìròyìn ló ti ń sọ tara rẹ̀ fún mi. Èmi ń fẹ́ owó kẹrosíìnì díẹ̀, àti ti bàtà tí n ó wọ̀ padà sí Ẹ̀fọ̀n, òkè wọn ti já èyí tí mo ní. Má fi owó náà rán ẹnikẹ́ni, fọwọ́ ara rẹ mú un wá.

Ọlọ́run á jẹ́ kí yàrá náà tù ọ́ lára. Ibi tí o bá sùn sí, ire ni yóò bá ọ jí níbẹ̀. Obìnrin náà ń retí mi o, ọmọ mi. Wá sílé kí n wò ọ́, kí n lè mọ ohun tí n ó sọ fún un.

Èmi ni ìyá rẹ,
Eunice Fágbóhùn.