Iye Wa Nínú Ilé Yìí

Tìjání ọmọ mi, ara mi le. O ní kí n padà sí Ìsẹ́yìn torí mo dá wà látìgbà tí a ti sin ìyá rẹ.

Kamorat, ayálégbé mi ní Carey Street, ló ń bá mi kọ èyí. Ó ń múra ìdánwò ìṣirò. Nínú ìdánwò náà, wọn kì í béèrè ìdáhùn fúnra rẹ̀. Wọ́n á ṣe àlàyé díẹ̀, wọ́n á wá béèrè bóyá ó tó láti fi mọ ìdáhùn náà.

Mo ní, "Iye wa nínú ilé yìí, odindi ni. Ó ju ọ̀kan lọ, kò tó mẹ́rin. Ṣé àlàyé tó?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kò tó, Bàbá. Ó lè jẹ́ méjì, ó lè jẹ́ mẹ́ta."

Mo nawọ́ sí tábìlì. Ife ìyá rẹ wà láàárín tiwa, tíì inú rẹ̀ ń yọ ooru. Èmi kọ́ ni mo bù ú, Kamorat náà kọ́.

"Ó ti tó, Bàbá."

Mi ò ní wá. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ọ.