Dókítà Tí Kò Dá Bàbá Lóhùn

Àbúrò mi,

Kí o tó bá Bàbá jà pé wọ́n sá kúrò ní ọsíbítù, ka ìwé yìí tán.

Jẹ́ẹ́jẹ́ ni wọ́n jókòó láàárọ̀ yìí títí ó fi kàn wá. Dókítà kò wo ojú wọn. Èmi ló ń bá sọ̀rọ̀, àfi bí ẹni pé àga ni mo gbé wá fún àtúnṣe. Ó ní àwọn máa gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ tí egbò ti bà jẹ́. Bàbá rọra bi í pé, "Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn ni, Dókítà?" Ó ní, "Tí mo bá ṣàlàyé, Bàbá, ṣé ó máa yé yín?" Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Bàbá wọ bàtà, wọ́n dìde.

Mo ti gbé wọn wá sílé, mo sì ń lọ bá ọ̀gá dókítà náà báyìí. Tí kò bá sí ẹni tó máa ṣàlàyé fún Bàbá, a ó gbé wọn lọ síbòmíràn lónìí, nítorí egbò yẹn ò ní dúró kí inú mi rọ̀.

Bá wọn pààrọ̀ báńdéèjì. Má sọ pé dókítà ló mọ̀ jù. Wọ́n bi mí nínú ọkọ̀ bóyá ohun tí àwọn bèèrè ló burú, mo kọjú sí ojú ọ̀nà. Ìwọ, dá wọn lóhùn.